Àwòrán Ara Ògiri: Èwo ni Ojúlówó?

Bí ẹ bá ń gbé Apákùn, tàbí bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Oṣòdì kọjá rí ní àkókò tí ọkọ̀ dúró pa, ẹ ó ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń gbé àwòrán kiri láàárín ọkọ̀: obìnrin tí ó ru igbá, onílù mẹ́ta, ẹṣin tí ó ń sáré. Ọwọ́ irú wọn ni mo ti ra àwòrán kìn-ín-ní tí mo fi owó ara mi rà.

Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún. Mo fi ọwọ́ pa á, ó rí gbágungbàgun bí ọ̀dà tí ó ti gbẹ, mo sì sanwó. Nígbà tí ó ṣe, àkókò òjò dé, òrùlé jò, omi ṣàn gba ara ògiri. Kí n tó gbé àwòrán náà kúrò, ojú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára aṣọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ni! Ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ni, wọ́n sì fi fáníìṣì kùn ún kí ó lè dàbí iṣẹ́ ọwọ́. Owó tí ó ṣòfò kò dùn mí tó bí mo ti fi odidi ọdún kan fi í yangàn lójú àwọn àlejò mi.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà, kí ó tó bèèrè iye owó, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ojúlówó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwòrán kan fún yín. Láàárín ọdún 1973 sí 1974, Ben Enwonwu, ọ̀gá nínú àwòrán yíyà àti ère gbígbẹ́, tí wọ́n bí ní Oníṣà, ya àwòrán Adétutù Adémilúyì, ọmọbìnrin ìdílé ọba ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yà á. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìwé, ó sì di ohun tí a ń rí ní ara ògiri yàrá àlejò káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ojúlówó fúnra wọn dàwátì fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2017 ni wọ́n rí ọ̀kan nínú ilé kan ní London, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí kò mọ bí ohun tí wọ́n gbé kọ́ ti ṣe pàtàkì tó. Ní oṣù kejì ọdún 2018 wọ́n ta á ní gbàǹjo, ó sì pa owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ojú kan náà ni ó wà nínú ẹ̀dà orí ìwé, gèlè kan náà, ìrọra kan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Enwonwu kò kan ìyẹn rárá.

N kò sọ èyí kí ẹ lè rò pé ẹ ó di olówó o. Ẹni tí ó bá torí irú èyí ra àwòrán, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dijú díẹ̀. Àwòrán kan lè ní ojúlówó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò jìnnà sí Apákùn, ní Papa Ajao ní Mushin, ni Bruce Onobrakpeya gbé dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1932, ó sì ṣe olùkọ́ ní St Gregory's College ní ìlú Èkó láti ọdún 1963 di 1980. Àwòrán títẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀nà kan nínú iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Oníṣẹ́ ọnà yóò mú abala línò, irú èyí tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, yóò fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ àwòrán sí i lójú. Ibi tí ó bá gbẹ́ kúrò yóò funfun. Ibi tí ó bá yọ sókè ni yóò gba tádàwà. Yóò tẹ́ ìwé lé e, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì rọra ṣí i. Bí ó bá sì jẹ́ abala irin ni ó lò, ásíìdì ni yóò fi jẹ ẹ́ lójú.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní í rò ó jìnnà kí ó tó yé yín. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé ọnà sí ara páànù, wọn a sì fi í tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ kí àwọn obìnrin tó rẹ ẹ́ sínú aró. Páànù kan lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ, àdìrẹ sì ni gbogbo wọn, nítorí pé ọwọ́ aládìrẹ ni ó ti jáde. Aṣọ tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ bá tẹ irú ọnà bẹ́ẹ̀ sí lójú ńkọ́? Gbogbo wa ni a mọ orúkọ tí àwọn aládìrẹ máa ń pè é.

Oníṣẹ́ ọnà tí ó bá tẹ àwòrán lọ́nà yìí yóò fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 7/15, èyí keje nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà lọ́wọ́ yín. Yóò fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú. Bí iye tí wọ́n tẹ̀ bá ti kéré tó ni owó rẹ̀ sábà máa ń wọ́n tó. Síbẹ̀ ó máa ń dínwó ju àwòrán tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Nítorí ìdí èyí ni mo fi máa ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ pé ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ ti ẹ̀rọ? Ẹ mú gíláàsì tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ẹ fi wò ó. Iṣẹ́ ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ kìkì àmì tóótòòtó tí wọ́n tò létòlétò. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà, ẹ gbé e fì sí ẹ̀gbẹ́ kan níwájú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí ó ki bá ibi tí àwọ̀ gbé yí padà mu. Tèmi tí mo rà ní Oṣòdì, wúruwùru ni fáníìṣì náà gba ojú rẹ̀ kọjá; kò tẹ̀lé imú, kò tẹ̀lé ẹnu. N kò wò ó ni.

Lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é gan-an ni ó dára jù láti rà, pàápàá àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí Jimoh Buraimoh bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1964, òun ni ó ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀. Ta ni ó mọ̀ pé yóò di ẹni tí ayé mọ̀ nípa fífi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán? Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology bá pàtẹ iṣẹ́ wọn, ẹ yà síbẹ̀. Bí owó yín kò bá tó, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀. Ó sàn ju pé kí ẹ máa ná an títí yóò fi tà á bí ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ gba rìsíìtì. Kí orúkọ oníṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀, orúkọ àwòrán, ọdún tí ó ṣe é, ohun tí ó fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ bí ó bá ní, àti iye tí ẹ san. Ẹ rántí pé àwòrán ni ẹ rà, ẹ kò ra àṣẹ láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó; oníṣẹ́ ọnà ṣì ni ó ni ìyẹn.

Ní ti ère àtijọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí ẹnì kan bá gbé ère wá lálẹ́ tí ó ní láti ojúbọ àwọn bàbá òun ni, ẹ dá a padà. Òfin ọdún 1979 ka ère tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú ọdún 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tí ìjọba bá fún ní àṣẹ nìkan ni ó sì lè rà á.

Bí ẹ bá ti gbé tiyín délé, ẹ má ṣe gbé e kọ́ sí ògiri ilé ìdáná, tàbí sí ibi tí oòrùn ń ràn sí. Bí ó bá jẹ́ orí ìwé ni, kí ẹni tí yóò ṣe férémù rẹ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìwé àti gíláàsì, nítorí ọ̀rinrin a máa mú wọn lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ gé kọ́ọ̀kì kéékèèké mọ́ igun férémù lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà wò. Bí ó bá tutù, ẹ wá ibòmíràn gbé e kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.