Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Òjìji Náà Sì Ní Tirẹ̀: Fọ́tò Olórin Láti Ọ̀jọ́ Dé Òkókómaikò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Badagry láti Mile 2 lọ sí Òkókómaikò kò ní wá fọ́tò olórin tì. Wọ́n wà lára ògiri, lára ọ̀pá iná, àti lẹ́nu ìsọ̀ ní ọjà Alábà. Púpọ̀ nínú wọn jọra bí ìbejì: ojú hàn kedere, ẹ̀gbà ọrùn ń dán, ìmọ́lẹ̀ sì tàn dé gbogbo kọ̀rọ̀. A rí ohun gbogbo tán, síbẹ̀ bí a bá ti kọjá, a kì í rántí ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin ní agbègbè yìí, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Lórí fóònù, fọ́tò tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni olùgbọ́ máa ń kọ́kọ́ rí kó tó pinnu bóyá òun yóò gbọ́ orin náà. Owó tí olórin fi ń ya fọ́tò ọ̀hún kì í sì í ṣe owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́. Bí fọ́tò náà bá wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, kí ni olùgbọ́ tún fẹ́ wá gbọ́?

Ọgbọ́n tí eégún kọ́ wa

Lóòótọ́, Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n Yorùbá yìí kan náà ló da aṣọ bo eégún láti orí dé ẹsẹ̀, tí tọmọdé tàgbà sì ń rọ́ tẹ̀lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Bísádé Ológundé mú ọgbọ́n yìí wọ inú orin ìgbàlódé. Ó pe ara rẹ̀ ní Lágbájá, orúkọ tí a fi ń pe ẹni tí a kò dárúkọ, ó sì fi aṣọ bojú, kó lè dúró fún àwọn mẹ̀kúnnù tí a kì í rí, tí a kì í sì í gbọ́ ohùn wọn láwùjọ. Bí a bá rí fọ́tò rẹ̀, a kì í wá imú tàbí ẹnu. Ìbòjú, aṣọ ilẹ̀ wa àti sakisofóònù ti tó láti dá a mọ̀. Bíbò tó bojú kì í ṣe àdììtú lásán; ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni.

Fèrèsé kan ṣoṣo

Aṣọ nìkan kọ́ ló ń bo ojú. Òjìji náà ń ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ayàwòrán Robert Freeman ya àwọn mẹ́rin tí a mọ̀ sí Beatles nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bournemouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló lò, láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kọ́tìnì tó ṣú wà lẹ́yìn wọn, aṣọ dúdú ọlọ́rùn gíga ni wọ́n wọ̀, ìdajì ojú wọn nìkan ló sì hàn. Fọ́tò yìí ni wọ́n fi ṣe páálí àwo orin With the Beatles, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ọ̀pọ̀ olórin ló ti ṣe àfarawé rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọmọ bíbí Èkó kan náà wà tó yẹ kí a wo iṣẹ́ rẹ̀. Rotimi Fani-Kayode, tí a bí ní 1955, tó sì kú ní London ní 1989, kì í ṣe ayàwòrán olórin, ṣùgbọ́n ó mọ bí awọ dúdú ṣe ń yọ láti inú òkùnkùn. Kò wá bí awọ yóò ṣe pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló fi ń tọ ìrísí èjìká àti iwájú orí, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òkùnkùn.

Nínú yàrá kan ní Ìba

Ẹ kò nílò jẹnẹrétọ̀. Ẹ wá yàrá tó ní fèrèsé kan tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà. Ẹ jẹ́ kí olórin dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà, kó jìnnà sí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà dé ibẹ̀ púpọ̀. Bí ògiri bá funfun, ẹ ta aṣọ dúdú sí i. Bí òjìji ojú bá le jù, ẹ gbé páálí funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣú sí i, aṣọ dúdú ni kí ẹ gbé síbẹ̀.

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé òkùnkùn ni ẹ ń wá. Bó bá rí ibi tó ṣú, yóò fẹ́ sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Lórí fóònù, ẹ fọwọ́ kan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lójú olórin, kí ẹ wá dín ìmọ́lẹ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ títí awọ yóò fi rí bó ṣe rí gan-an. Dídán ni awọ dúdú fi ń fi ìrísí rẹ̀ hàn, nítorí náà òrí díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ wúlò ju páúdà lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ rí i pé ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń tàn nínú ẹyinjú tó hàn. Láìsí i, olórin yóò dà bí ẹni tó ti sùn.

Kí la ń bò, kí sì nìdí?

Òjìji kò yẹ gbogbo ènìyàn. Olórin jùjú tó ń wá òde ìnáwó ń fẹ́ kí olóde dá òun mọ̀. Bí a bá bo ojú rẹ̀ tán, a lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin òfò, tàbí ìfẹ́ tó fara sin, lè rí òjìji gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Nítorí náà, kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà, kó kọ́kọ́ gbọ́ orin náà, kó sì bi olórin léèrè ohun tí orin náà kò tíì sọ tán. Ibẹ̀ ni òjìji yẹ kó bà sí. Kó sì fi fọ́tò náà han olórin kó tó jáde síta, nítorí ẹni tó ni ojú ló ni í.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ òní, ẹ má tíì bínú. Ẹ tan àtùpà kan, kí ẹ wo ojú ẹni tó jókòó tì yín. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.