Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìwádìí nínú Industrial Engineering

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, èèyàn lè kẹ́kọ̀ọ́ Industrial and Production Engineering títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí nínú ìmọ̀ yìí rèé:

▪ Operations research: fífi ìṣirò yan ọ̀nà tó dára jù.
▪ Ergonomics: mímú kí iṣẹ́ bá ara òṣìṣẹ́ mu, kó má di àìsàn sí i lára.
▪ Ìtọ́jú ẹ̀rọ kó tó bàjẹ́.
▪ Ìmọ̀ nípa títò sórí ìlà. Ní 1961, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Little fi ìdí òfin kan múlẹ̀: bí aláìsàn 20 bá ń wọ ilé ìwòsàn ní wákàtí kan, tí kálukú ń lo wákàtí 3, nǹkan bí èèyàn 60 ni yóò máa wà níbẹ̀. Bó bá di wákàtí 2, nǹkan bí 40 ni wọn yóò jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ síwájú, ìṣòro tó ń ni ará ìlú lára ni kí ẹ fi ṣe àkòrí ìwádìí yín.