Ṣé orúkọ tá a ń jẹ́ ló yẹ kó kó wa jọ ni, àbí ìyà tó ń jẹ wá?

Obìnrin adúláwọ̀ márùn-ún ló pe General Motors lẹ́jọ́ ní St. Louis, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ṣáájú ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ náà kì í gba obìnrin adúláwọ̀ síṣẹ́ rárá. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ta ló dé kẹ́yìn? Gbogbo obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́yìn ọdún 1970 niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún 1976, adájọ́ sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ṣáà ń gba obìnrin síṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Ní ti àwọ̀, ó ní kí wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ mìíràn táwọn adúláwọ̀ ti pè. Kí wọ́n pa ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀ ni kò gbà. Òfin rí obìnrin, ó rí adúláwọ̀. Ẹni tó jẹ́ méjèèjì ni kò rí. Ẹjọ́ yìí wà lára ohun tí Kimberlé Crenshaw, onímọ̀ òfin, gbé èrò intersectionality kà lọ́dún 1989, ìyẹn bí ìyà oríṣiríṣi ṣe ń pàdé lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn obìnrin adúláwọ̀ kan ní Boston, Combahee River Collective, ti sọ ọ́ lọ́dún 1977 pé inú irú ẹni táwọn jẹ́ ni ìjà àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó kó èèyàn jọ lè ti ẹlòmíràn síta.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Cathy Cohen, onímọ̀ ìṣèlú, tó kọ lọ́dún 1997, fi wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹ wo ìyá adúláwọ̀ tó ń dá tọ́mọ, tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọkùnrin ló ń fẹ́, síbẹ̀ àwọn olóṣèlú ń fi í bú, wọ́n ní ilé rẹ̀ kò bójú mu. Ojú burúkú kan náà ni wọ́n fi ń wo ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Cohen ní ibi tí agbára ti ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ ni kí á wò ká tó mọ ẹni tí yóò bá wa jà.

Wọ́n ti gbìyànjú irú èyí wò ní Britain kí Cohen tó kọ ọ́. Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà èédú ní 1984, Mark Ashton àti Mike Jackson dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tiwọn sílẹ̀ ní London, wọ́n sì ń dáwó fún àwọn ìdílé awakùsà ní àfonífojì Dulais, ní Wales. Lọ́dún 1985, àwọn awakùsà náà wá bá wọn yan ní ìgboro London. Lọ́dún yẹn kan náà, ìbò ẹgbẹ́ awakùsà wà lára èyí tó mú kí ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn tó ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tiwọn.