Dùùrù, Ìlù àti Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀: Ìṣẹ̀dá Orin Tuntun Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Yewa

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó ṣẹ̀dá orin tirẹ̀ sábà máa ń sá tọ ohùn orin ìsìn tí ó ti mọ̀ láti kékeré lọ. Àléébù ńlá wà níbẹ̀, nítorí èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ tí ènìyàn ń wọ̀ yóò di ọkọ́ tí a fi ń roko. Bí orin náà kò bá wá ní ọ̀rọ̀ rárá, tí ó jẹ́ ti dùùrù nìkan, ibo ni ohùn Yorùbá yóò gbà wọ inú rẹ̀?

Akin Euba (1935–2020), tí a bí ní Èkó, bá ìbéèrè yìí wọ̀jà. Ní 1957, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Trinity College of Music ní London, ó kọ orin fún fáólìn méjì, fìólà kan àti sẹ́lò kan. Ní 1963, nígbà tí ó ń kàwé ní University of California, Los Angeles, ó kọ “Igi Nla So” fún dùùrù àti ìlù Yorùbá. Dùùrù kò lè yọ́ ohùn bí dùndún tí onílù ń fún ọṣán rẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró lójú kan. Ìlànà tí Euba gbé kalẹ̀ ni pé kí a tẹ dùùrù bí ẹni ń lùlù: gbólóhùn kúkurú ni à ń tún tẹ̀ léraléra, ọwọ́ òsì àti ọ̀tún a sì máa wọnú ara wọn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìlaròó tàbí Ayétòrò, ilé-ẹ̀kọ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ìyá ìlù a máa sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ìlù a máa dúró lórí ìlù kan náà láìyẹsẹ̀, irin ẹsẹ̀ eléré yóò sì máa dáhùn. Ẹsẹ̀ àti ìlù gbọ́dọ̀ parí gbólóhùn pọ̀ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pẹ́ ti dójú ti ara rẹ̀. Ipa mẹ́ta nìyẹn. Sẹ́lò lè ṣe ìyá ìlù, nítorí ìka ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀, ó sì lè mú ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ jáde. Dùùrù yóò di ọmọ ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò sì jẹ́ ẹsẹ̀.

Ti ẹ̀rọ ńkọ́? Ní Cairo, ní 1944, Halim El-Dabh, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó gba ohùn àwọn obìnrin níbi ayẹyẹ zaar sílẹ̀, ó sì tún ohùn náà dà títí ó fi di orin mìíràn. Ọdún mẹ́rin kọjá kí Pierre Schaeffer tó gbé irú rẹ̀ jáde ní Paris. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ju ẹ̀rọ yẹn lọ. Kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó ni eré, nítorí àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣọ́ ọ̀rọ̀. Bí ó bá mú kí orin ẹ̀fẹ̀ tí ó gbà sílẹ̀ yára, gbogbo ohùn yóò jùmọ̀ gòkè, ìtumọ̀ kò sì ní yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lù ú láti ẹ̀yìn wá síwájú, òkè á di ìsàlẹ̀ fún ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè, ọ̀rọ̀ á sì pòórá.