So mọ́: lílò rẹ̀ fún ètò ẹnu-ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, àbọ̀ ni ó máa ń la ẹ̀yà méjèèjì: Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Òun náà ni ó yẹ fún ètò kékeré tí ń ṣe ìdájọ́ ìdì dátà ní ẹnu-ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà: Wọ́n so ètò náà mọ́ eth0. Láti ẹ̀dà 4.8 ti ọdún 2016 ni kánẹ́ẹ̀lì Linux ti fàyè gba irú ètò bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní XDP.

Fi sínú kì í ṣe so mọ́. Bí a bá fi ètò sínú kánẹ́ẹ̀lì, olùyẹ̀wò kan á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó má baà ṣe ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì so ó mọ́ ẹnu-ọ̀nà kankan, kò ní rí ìdì kan ṣoṣo. Ìwé tí ó bá lo ọ̀rọ̀ kan fún ìgbésẹ̀ méjèèjì yóò mú kí òǹkàwé máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Àmì abẹ́ o ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ètò XDP lè jẹ́ kí ìdì kọjá, ó lè dá a padà gba ẹnu-ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ó lè darí rẹ̀ síbòmíràn, ó sì lè sọ ọ́ nù. So ni ti ètò, sọ ni ti ìdì. Okùn pẹ̀lú ń fẹ́ ìṣọ́ra: orúkọ Okun, tí a fi ń pe àwọn ará Kabba, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, inú ìkíni wọn ni ó ti wá, kì í ṣe ara okùn ẹran.

Ibi tí ìtumọ̀ ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó ni ti ẹni tí ó di okùn mú. Ní ọ̀nà àtijọ́, èyí tí àṣẹ ip link ń lò, ewúrẹ́ wà lára èèkàn: ẹni tí ó so ó lè máa lọ, yóò wà níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi tú u. Ní ọ̀nà bpf_link, ọmọdé ni ó di okùn mú lọ́wọ́. Bí ètò tí ó dì í mú bá parí iṣẹ́, okùn bọ́, ètò XDP sì kúrò lẹ́nu-ọ̀nà, àfi bí a bá ti kàn án mọ́ /sys/fs/bpf. Nítorí náà, tú ni ti àkọ́kọ́. Bọ́ ni ti èkejì.

Ẹ wo ẹni tí ó jókòó sí Kabba tí ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kan ní Èkó. Bí ètò rẹ̀ bá ṣèèṣì ń sọ gbogbo ìdì nù, ìdì tirẹ̀ náà wà lára wọn, kò sì ní lè wọlé láti tú u. Bí ó bá jẹ́ bpf_link, tí ó sì ti pàṣẹ kí ètò tí ó dì í mú parí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà á là fúnra rẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ “yóò bọ́” sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ “ẹ tú u” ti ti ọkùnrin náà mọ́ta. Àfi kí ó bẹ ará Èkó kan kí ó pa kọ̀ǹpútà náà, kí ó sì tún un tàn. Títàn yẹn ń mú ìso méjèèjì kúrò, èyí tí ó fi hàn pé kò tọ́ láti fi “títí láé” ṣe ìtumọ̀ èyíkéyìí nínú wọn.