Àwọn Tó Ń Ta Bọ́ọ̀dù Tí Ẹnikẹ́ni Lè Ṣe

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Qualcomm, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ṣíípù rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, kéde pé òun máa ra Arduino, ilé-iṣẹ́ tó ń ta bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ. Ó yẹ kéèyàn béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwòrán Arduino Uno, bọ́ọ̀dù tó lókìkí jù nínú tiwọn, ti wà ní gbangba. Ẹni tó bá wù lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó gbé e lọ sí fákítọ̀rì, kó ṣe tirẹ̀, kó sì tà á láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀dù ọ̀hún kò gùn tó káàdì ATM. Ṣíípù tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní microcontroller: kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní ojú, tí kò ní kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ tó ń gba ìròyìn láti ara wáyà, tó sì ń pàṣẹ. Ẹni tó bá so ohun tó ń mọ ọ̀rinrin ilẹ̀ mọ́ ọn lè kọ́ ọ pé kó máa ṣí omi sí ebè ewébẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ najú ló ń rà á jù: olùkọ́, oníṣẹ́ ọnà, akẹ́kọ̀ọ́, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó ń wá ohun tí yóò máa fọwọ́ ṣe.

Ìlú Ivrea, lápá àríwá Ítálì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Arduino lọ́dún 2005. Massimo Banzi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dísáìnì níbẹ̀, bọ́ọ̀dù tó wà lọ́jà nígbà náà sì wọ́n jù fún wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì gbé e ka orí Wiring, iṣẹ́ àṣekágbá tí Hernando Barragán, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Kòlóńbíà, ti ṣe nílé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ìtàn Arduino ló máa ń fo Barragán dá, èyí kò sì dáa. Ní ti orúkọ náà, ilé ọtí kan nínú ìlú ni wọ́n ti mú un. Ọba kan tí wọ́n fi jẹ lọ́dún 1002 ni ilé ọtí yẹn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Nathan Seidle ti dá SparkFun, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní Boulder lọ́dún 2003 nígbà tó ṣì wà ní fásítì. Lọ́dún 2005, Limor Fried bẹ̀rẹ̀ Adafruit, tó ń ṣe irú òwò kan náà, láti inú yàrá rẹ̀ ní fásítì MIT. Àwọn wọ̀nyí ti di ńlá. Lẹ́yìn wọn ni àìmọye ẹnì kan tàbí ẹni méjì wà tí wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀dù tiwọn lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù.

Yíya àwòrán bọ́ọ̀dù kò le mọ́. KiCad tí wọ́n fi ń yàwòrán, ọ̀fẹ́ ni. OSH Park ní Amẹ́ríkà máa ń kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sórí pátákó kan, á sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà mẹ́ta tó ní àwọ̀ elése àlùkò, dọ́là 5 fún ínǹṣì kan níbùú lóòró. Ìgbà tí ẹni tó yà á bá ní òun fẹ́ tà á ni ojú á là.

Èkíní, àyẹ̀wò. Bọ́ọ̀dù tó bá jáde láti inú ààrò, níbi tí léèdì ti yọ́ mú gbogbo ẹsẹ̀ ṣíípù, lè dán gbinrin kó má sì ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á ṣe pátákó kan tó kún fún abẹ́rẹ́ onísípíríǹgì, á da bọ́ọ̀dù dé e, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ á sì kan ibi tó yẹ kí wọ́n kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Iná àwọ̀ ewé bá tàn, ó di ọjà. Bí èyí tí kò dáa bá dé ọwọ́ oníbàárà, owó ìfiránṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nìkan tó láti jẹ èrè orí mélòó kan tó dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò owó. Bí èròjà bá jẹ́ dọ́là 8, ẹni tó bá tà á ní dọ́là 12 ń pa ara rẹ̀ ni, nítorí alágbàtà á fẹ́ jẹ, èyí tó bàjẹ́ á wà, àwọn tó ń béèrè ìrànlọ́wọ́ á sì máa jẹ àkókò. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ owó èròjà ni àwọn àgbà òwò yìí sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá bọ́ọ̀dù mọ̀ lórí USB pàápàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àjọ tó ń bójú tó o ń gbà kó tó fún ilé-iṣẹ́ kan ní tirẹ̀.

Àṣìṣe tó bá jáde pẹ̀lú ọjà kì í ṣeé kó padà mọ́. Lára Uno, ínǹṣì ìdá kan nínú mẹ́wàá ló yẹ kó wà láàárín ihò kan sí èkejì. Àmọ́ láàárín ihò 7 àti 8, ó jẹ́ 0.16, kò bá ìlà ìyókù mu. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀, àwọn ẹlòmíì ti ń ṣe bọ́ọ̀dù àfikún tó ń wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe, gbogbo àfikún yẹn á di aláìwúlò. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń da Uno kọ náà sì ń da àṣìṣe rẹ̀ kọ tọkàntọkàn.

Dídà á kọ yìí kò lòdì sófin. Ẹni tó ṣe Uno tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó bá kọ Arduino sára rẹ̀ láìgbàṣẹ, ayédèrú ló ń tà. Lọ́dún 2015, ilé-iṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ Arduino: ọ̀kan ti Banzi àti àwọn tirẹ̀, èkejì ti ẹni tó ń bá wọn ṣe bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù ò wọ́n àwọn méjèèjì, orúkọ ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ti Banzi fi Genuino ta ọjà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà títí ìjà fi parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Lójú tèmi, orúkọ yẹn àti ogunlọ́gọ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé e ni Qualcomm náwó lé.

Akẹ́kọ̀ọ́ fásítì àti poli nílẹ̀ wa tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá kì í sábà ra ti Ítálì. Ẹ̀dà láti Ṣáínà ló ń rà, mi ò sì bá a wí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kọ̀ láti dá a mọ̀, á wá ojútùú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtọ́sọ́nà tí yóò rí kà níbẹ̀, owó àwọn tó ra ojúlówó ni wọ́n fi san án fún ẹni tó kọ ọ́.