Ìdí Tí Lẹ́tà DNA Fi Ń Jábọ́ ní Mẹ́ta-Mẹ́ta

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́, ìbáà jẹ́ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò, kò lè yẹra fún ọ̀rọ̀ DNA mọ́. Ọmọ kékeré ni àwọn tí ó ń kọ́ lónìí nígbà tí ìjọba sé Èkó mọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta, ọdún 2020. Wọ́n gbọ́ ọ títí pé fáírọ́ọ̀sì kòrónà ń yí ara rẹ̀ padà kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó fún fáírọ́ọ̀sì ní èrò ọkàn. Èdè-ìperí tí ó bá yè kooro ni ó lè tún un ṣe.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ DNA: A, C, G àti T. Nínú jíìnì tí a fi ń ṣe pùròtéènì, mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń kà wọ́n, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa dúró fún ásíìdì amino kan. A dábàá pé kí á pe irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀wọ́-ẹ̀ta. (RNA ni fáírọ́ọ̀sì kòrónà ní, tí U rọ́pò T nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kíkà kan náà ni.)

Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn yìí: ADÉ FÚN ỌMỌ OWÓ. Bí D bá jábọ́, tí a sì ń kà á lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, AÉF ÚNỌ MỌO WÓ ni a ó rí. Láti ibi tí lẹ́tà ti bọ́ títí dé òpin ni ó dàrú. Àṣìkà ni a ó máa pe èyí. Ṣùgbọ́n bí FÚN bá jábọ́ lódindi, ADÉ ỌMỌ OWÓ ni yóò kù. Ìtumọ̀ ti yàtọ̀, a tilẹ̀ lè fi ki ènìyàn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró.

Ohun tí àwọn oníṣirò rí kò yàtọ̀ sí èyí. Níbi tí DNA kì í ti í ṣe pùròtéènì, ìjábọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wọ́pọ̀ jù. Bí ìjábọ́ bá ṣe gùn tó ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n tó. Nínú jíìnì, 3, 6 àti 9 a máa yọrí láàárín àwọn iye tí ó yí wọn ká. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú àyẹ̀wò 1000 Genomes, tí ó parí ní 2015, tí àwọn Yorùbá Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí a yẹ DNA wọn wò.

Ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ni a ti ka lẹ́tà fáírọ́ọ̀sì kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a rí aláìsàn àkọ́kọ́ ní oṣù kejì, 2020. Lẹ́tà 29,903 ni ẹ̀dà Wuhan tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n ní. Ní ìparí ọdún náà ni a rí ẹ̀yà B.1.525, tí a wá sọ ní Eta, ní Nàìjíríà àti ní Britain. Nínú pùròtéènì tí ó fi ń wọ sẹ́ẹ̀lì wa, lẹ́tà 6 já ní ipò 69 àti 70, lẹ́tà 3 sì já ní ipò 144. 9 já nínú jíìnì mìíràn. Gbogbo wọn ni 3 pín láìṣẹ́kù.

Ta ni ó yàn wọ́n? Kò sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà “àṣàyàn àdánidá” kò fi tẹ́ wa lọ́rùn: àṣàyàn ń béèrè ẹni tí ń ṣà. Ìyá tí ń sẹ́ ògì kì í ṣa èèrí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú asẹ́ ni ó ń dá a dúró. Ìjábọ́ ń ṣẹlẹ̀ ní oríṣiríṣi gígùn. Àṣìkà kì í sábà gba ojú asẹ́ kọjá. “Asẹ́ àdánidá” ni àwa yóò lò.

Kí olùtúmọ̀ má sì fi ìjábọ́ pe gbogbo ìyípadà. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìpààrọ̀ ni: GAG di GTG, gígùn jíìnì kò sì yí padà rárá.

A rí èyí tí kò tẹ̀lé ìlànà pẹ̀lú. Ní Singapore, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, lẹ́tà 382 já lára fáírọ́ọ̀sì kòrónà kan, ó sì ń ràn láti ara ènìyàn sí ènìyàn. 3 kò pín 382 láìṣẹ́kù. ORF8 ni jíìnì tí ó bà jẹ́ jù níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà sì lè bí sí i láìsí i. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá irú iye bẹ́ẹ̀ pàdé, ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá jíìnì náà jẹ́ kò-ṣeé-má-nìí.